Bí A Ṣe Ń Sá Kìlómítà 21 Lórí Ọ̀nà Oko Tó Ní Òkè: Ìtọ́sọ́nà láti Ògbómọ̀ṣọ́

Bí ẹ bá ń sáré lójú ọ̀nà oko láàárọ̀, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ń lọ sẹ́nu iṣẹ́, ìbéèrè kan náà lẹ óò máa gbọ́: "Ẹ kú ìdárayá o. Ṣé kò sí? Kí ló ń lé yín?" Àwọn àgbà ló kúkú ti sọ ọ́ pé àgbàlagbà kì í sáré lásán, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Èmi máa ń dá wọn lóhùn pé mò ń lé nǹkan ni. Ààbọ̀ máratọ́ọ̀nù ni mò ń lé, kìlómítà 21 àti díẹ̀, kì í sì í ṣe lórí títì ọlọ́dà, bí kò ṣe lórí yangí, àpáta, erùpẹ̀ àti ipa ẹsẹ̀ tóóró tó ń gun òkè tó sì ń sọ̀.

Ẹni tó ti lè sáré fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìdúró, tó sì ní oṣù mẹ́ta níwájú, ni mo kọ èyí fún. Ohun tí mo fẹ́ kí ó yé yín ju gbogbo ẹ̀ lọ ni pé gígun òkè kọ́ ló ń ba eré yìí jẹ́ mọ́ni lọ́wọ́. Ìsọ̀kalẹ̀ ni. Òkè á mú yín mí hẹlẹ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dẹwọ́ díẹ̀, èémí á padà. Iṣan itan tí ìsọ̀kalẹ̀ bá ti bà jẹ́ kì í padà bọ̀ sípò lọ́jọ́ yẹn mọ́. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo sá irú eré yìí, gbogbo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni mo sá àsápajúdé sọ̀, nítorí ó dùn, kò sì mú mi mí. Nígbà tí mo dé kìlómítà 15, orúnkún mi ti ń gbọ̀n. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀yìn ni mo fi ń sọ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ohun tí ẹ ń lọ bá

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kìlómítà 21 orí títì àti kìlómítà 21 orí òkè kì í ṣe ẹgbẹ́. Ìṣirò kan wà tí àwọn asáré orí òkè ń lò: gbogbo mítà 100 tí ẹ bá gùn sókè, ẹ kà á sí kìlómítà 1 orí ilẹ̀ títẹ́jú. Bí àpapọ̀ òkè inú eré náà bá jẹ́ mítà 600, ẹ fi 6 kún 21, ó di 27. Ẹni tó ń fi ìṣẹ́jú 7 sá kìlómítà kan á lo ìṣẹ́jú 189, ìyẹn wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 9, kí a tó ka òkúta àti ẹrẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má ṣe wá fi aago títì wọn ara yín lórí òkè; ọ̀pọ̀ ìrẹ̀wẹ̀sì ibẹ̀ ló ti ń wá. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ìdánrawò, wákàtí àti ìṣẹ́jú ni kí ẹ máa kà, ẹ fi kìlómítà sílẹ̀.

Eré olókè kì í ṣe àjèjì ní Nàìjíríà. Ti Obudu ní Ìpínlẹ̀ Cross River bẹ̀rẹ̀ ní 2005, kìlómítà 11.25 ni, òkè sì ni wọ́n ń gùn títí dé òpin. Ti Okpekpe ní Ìpínlẹ̀ Edo bẹ̀rẹ̀ ní 2013, kìlómítà 10 ni. Orí títì ni àwọn méjèèjì, wọ́n sì kúrú ju èyí tí à ń sọ lọ. Bí ẹ kò bá rí eré ọ̀nà oko tó súnmọ́ yín, ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ mẹ́ta sí mẹ́rin lè ṣètò tiyín: ẹ wá ọ̀nà oko tí ẹ mọ̀ dáadáa, ẹ sá a lọ ní kìlómítà 10 àti ààbọ̀, kí ẹ sá a padà. Strava tàbí irú rẹ̀ lórí fóònù á wọn ọ̀nà náà, á sì sọ iye mítà tí ẹ gùn.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ bi ara léèrè

Ẹni tí àyà máa ń dùn lẹ́nu eré, ẹni tó ti dákú rí níbi tó ti ń sáré, àti ẹni tí ìbátan rẹ̀ kú lójijì nígbà tí kò tíì dàgbà, kí wọ́n rí dókítà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Ẹ tún mọ jẹnotáìpù yín. Ọ̀pọ̀ ẹni tó jẹ́ AS ló ń sáré láìséwu, àmọ́ bí ooru, òùngbẹ àti eré àsápajúdé tí ara kò múra fún bá pàdé lára wọn, ó lè kó wọn sí wàhálà tó le. Kí wọ́n máa fi sùúrù pọ̀ ọ́n, kí wọ́n máa mu omi, kí wọ́n sì dúró bí ara bá sọ pé kí wọ́n dúró. Ẹni tó jẹ́ SS kò gbọdọ̀ dá irú eré yìí dáwọ́ lé láìgba ẹnu dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀.

Bí ibà bá ń ṣe yín, ẹ sinmi. Àwọn kan gbà pé òógùn á lé ibà lọ. Irọ́ ni, ó sì léwu fún ọkàn.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wá òkè ní Ògbómọ̀ṣọ́

Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé, "Kò kúkú sí òkè níbí." Lóòótọ́, ilẹ̀ wa kì í ṣe ilẹ̀ òkè gàgàrà. Ó ń yọ sókè, ó ń wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àpáta sì ń yọrí níbí àti lọ́hùn-ún láàárín ọ̀dàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí odò bá wà. Kò sí odò tí kò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ méjì: èyí tí ẹ óò sọ̀ lọ sódò, àti èyí tí ẹ óò gùn kúrò lódò. Ẹ tẹ̀ lé ọ̀nà oko èyíkéyìí tó ré odò kékeré mẹ́ta kọjá, òkè mẹ́ta lẹ ti rí yẹn, mẹ́fà sì ni bí ẹ bá ń padà bọ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó ga ní mítà 15, bí ẹ bá gùn ún lẹ́ẹ̀mẹwàá, mítà 150 ni. Lẹ́ẹ̀mẹwàá sí i, ó di 300, ìyẹn sì jẹ́ ìdajì òkè inú eré tí mo fi ṣàpẹẹrẹ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹni tó ń gbé ní àárín ìlú, nítòsí Tákíè, kò lè rí ọ̀nà oko lẹ́nu ilẹ̀kùn. Kí ó wọ ọ̀kadà dé ẹ̀yìn ìlú, lọ́nà Ajáàwà tàbí lọ́nà Ìrẹsà, kí ó sì yà bọ́ sọ́nà oko. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, bí owó ọkọ̀ bá wà, ẹ gba Ọ̀yọ́ àti Ìsẹ́yìn lọ sí Adó-Àwáyè. Ẹ gun òkè ibẹ̀ dé ibi tí adágún omi wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì sọ̀ padà pẹ̀lẹ́. Ẹ má sáré níbẹ̀. Ẹsẹ̀ lẹ fẹ́ kọ́ bí àpáta gidi ṣe ń rí lábẹ́ bàtà. Ọjọ́ kan lórí àpáta yẹn kọ́ mi ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta orí yangí lọ.

Kí ẹ tó lọ sọ́nà oko èyíkéyìí, ẹ bi àwọn tó ń gbé ibẹ̀ bóyá ọ̀nà náà dára lásìkò yìí. Ẹ má dá lọ. Ẹ sọ fún ará ilé ibi tí ẹ gbà àti àkókò tí ẹ máa dé, kí fóònù yín sì kún fún iná. Kí ẹ sì máa kí èèyàn lọ́nà. Àgbẹ̀ tí ẹ ti kí láàárọ̀ ni yóò sọ fún yín pé màlúù ń bọ̀ níwájú, tàbí pé wọ́n rí ejò lábẹ́ igi kaṣú àná.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ to ọ̀sẹ̀ 12 náà

Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tó. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ rọra sá fún ìṣẹ́jú 40 sí 50, ní ìwọ̀n tí ẹ fi lè bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀ láìgé e. Ọjọ́bọ̀ ni ti òkè. Sátidé ni ti eré gígùn.

Eré Sátidé ló gbé gbogbo rẹ̀ ró. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú 60 lọ́sẹ̀ kìíní, 75 lọ́sẹ̀ kejì, 90 lọ́sẹ̀ kẹta, kí ẹ wá padà sí 60 lọ́sẹ̀ kẹrin kí ara lè sinmi. Lẹ́yìn náà 100, 115, 130. Lọ́sẹ̀ kẹjọ, ẹ padà sí 90. Lọ́sẹ̀ kẹsàn-án 140, lọ́sẹ̀ kẹwàá 150. Ọ̀sẹ̀ kọkànlá, 90 péré. Ọ̀sẹ̀ kejìlá ni eré. Mo mọ̀ pé ẹni tí ara rẹ̀ bá ti ń yá á fẹ́ fo ọ̀sẹ̀ ìsinmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó. Inú ìsinmi ni ara ti ń kọ́ ohun tí ẹ ti ṣe.

Ẹ wá ogún ìṣẹ́jú lọ́jọ́ kan sí i fún okun ẹsẹ̀. Ẹ dúró lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan, kí ẹ rọra sọ ẹsẹ̀ kejì kalẹ̀ títí yóò fi kan àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀, 10 lẹ́ẹ̀mẹta lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́, 15 lẹ́ẹ̀mẹta. Láràárọ̀ tí ẹ bá sì ń fi pákò fọ ẹnu, ẹ fi ẹsẹ̀ kan dúró. Bí ó bá ti rọrùn, ẹ di ojú. Èyí ló ń gba ọrùn ẹsẹ̀ là lọ́jọ́ tí òkúta bá yí lábẹ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Gígun òkè

Lọ́jọ́bọ̀, ẹ fi ìṣẹ́jú 15 sá wọ́ọ́rọ́wọ́ kí ara gbóná. Ẹ gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ rìn padà sísàlẹ̀, ẹ tún gùn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lẹ óò fi bẹ̀rẹ̀, ẹ óò sì pọ̀ ọ́n dé mẹ́wàá. Ìṣísẹ̀ kúkúrú ni kí ẹ máa gbé, kí àyà ṣí, kí ojú wo iwájú díẹ̀, kí ẹ má tẹ ọrùn.

Níbi tí òkè bá ti ga jù, ẹ rìn. Mo ń sọ ọ́ tọkàntọkàn: ẹ rìn. Lórí òkè tó dúró ṣánṣán, ẹni tó ń yára rìn àti ẹni tó ń jà láti sáré sábà máa ń dé òkè pa pọ̀, àmọ́ agbára tí ẹni tó sá ti ná pọ̀ ju ti ẹnìkejì lọ. Ẹ gbé ọwọ́ lé itan, ẹ fi tì í sísàlẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Báwo lẹ óò ṣe mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ rìn? Bí ẹ kò bá lè sọ gbólóhùn kan tán kí èémí tó gé e, àkókò ti tó. Rírìn yìí náà ń fẹ́ ìdánrawò, torí iṣan tó ń lò yàtọ̀ sí ti eré. Ẹ fi kún eré Sátidé.

Ìgbésẹ̀ 6: Sísọ̀ kalẹ̀

Nígbà tí ẹ bá ń gun òkè, iṣan iwájú itan ń sún kì bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀, iṣan yẹn kan náà ń nà bí ó ti ń ṣiṣẹ́, nítorí òun ló ń di ara yín mú kí ó má baà já lulẹ̀. Irú iṣẹ́ ìnà-kí-o-dimú yẹn ló ń ya okùn tín-ín-tìn-ìn-tín inú iṣan. Ìrora rẹ̀ kì í dé lójú ẹsẹ̀; ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta ló máa ń le jù.

Ìròyìn ayọ̀ wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fún iṣan ní ìwọ̀n ìsọ̀kalẹ̀ díẹ̀, tó sì ro ó, tó wá san, á rántí. Fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, ìsọ̀kalẹ̀ tó pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ kò ní ro ó tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí àjẹsára ni ẹ ṣe máa lò ó. Lọ́sẹ̀ kẹta, ẹ sọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30 lẹ́ẹ̀mẹrin, kí ẹ máa rìn gòkè padà. Lọ́sẹ̀ karùn-ún, ìṣẹ́jú àáyá 45 lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Lọ́sẹ̀ keje, ìṣẹ́jú kan lẹ́ẹ̀mẹjọ. Lọ́sẹ̀ kẹwàá, kí eré Sátidé ní ìsọ̀kalẹ̀ tó pọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má ṣe sọ̀ kíkankíkan mọ́ títí di ọjọ́ eré.

Ìlànà rẹ̀ rèé. Ìṣísẹ̀ kúkúrú tó yára, bí ẹsẹ̀ oníjó tó ń gbọ́ gángan. Orúnkún rọ̀, kò gan. Ara tẹ̀ síwájú díẹ̀ láti ọrùn ẹsẹ̀. Ẹni tó bá fẹ̀yìn tì, gìgísẹ̀ rẹ̀ ni yóò máa fi ṣe bíréèkì, orúnkún àti itan á sì san owó rẹ̀. Ẹ ṣí apá sílẹ̀ bí ẹyẹ tó fẹ́ bà. Ẹ má wo ẹsẹ̀ yín: ẹ wo bíi mítà mẹ́ta sí márùn-ún síwájú, ojú á yan ibi tí ẹsẹ̀ máa tẹ̀, ẹsẹ̀ á tẹ̀ lé e.

Ilẹ̀ wa ní ìṣòro tirẹ̀. Yangí tó le, tí òkúta rogodo wẹ́wẹ́ wà lórí rẹ̀, máa ń yí bí ìlẹ̀kẹ̀ lábẹ́ bàtà. Níbẹ̀, ẹ gba àárín tàbí etí ọ̀nà tí koríko díẹ̀ wà, ẹ má sì yà lójijì. Àpáta tó gbẹ máa ń di bàtà mú dáadáa. Àpáta tí òjò pa, tí ohun aláwọ̀ ewé ti hù lé, yọ̀ bí ilá. Ẹ rìn kọjá lórí ìyẹn. Ibi tí ọ̀kadà ti wa kòtò tóóró sí láàárín ọ̀nà lọ́wọ́ òjò ni ọrùn ẹsẹ̀ ti sábà ń rọ́, nítorí bàtà kan á wà lókè, ìkejì á wà nísàlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Bàtà, aṣọ àti òrí

Ẹ kò nílò bàtà olówó ńlá. Kánfáàsì òkìrìkà tó ní eyín ní ìsàlẹ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò tíì gan, tí kò sì ṣeé lọ́ bí aṣọ, á ṣe é. Kí àyè bíi fífẹ̀ àtàǹpàkò ọwọ́ kan wà níwájú ọmọ ìka ẹsẹ̀, nítorí bí ẹ bá ń sọ̀, ẹsẹ̀ á máa sún síwájú; èékánná tó bá ń gbá bàtà á di dúdú. Ẹ gé èékánná ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ẹ fi okùn bàtà kọjá nínú ihò tó kẹ́yìn, ẹ so ó kí gìgísẹ̀ má sún. Ẹ má sì wọ bàtà tuntun lọ́jọ́ eré.

Ẹ fi òrí pa abẹ́ apá, ìta itan àti inú itan, àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Lójú tèmi, òrí dára ju fasilíìnì lọ fún èyí, kì í tètè ṣàn lọ bí òógùn bá dé.

Ìgbésẹ̀ 8: Ojú ọjọ́

Láti oṣù Kẹrin dé oṣù Kẹwàá lòjò wa. Koríko ga lópin rẹ̀, ọ̀nà fún, ejò kì í sì í hàn. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn, ẹ má sì fi ẹsẹ̀ sí ibi tí ojú kò rí. Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ má gé ojú rẹ̀, ẹ má fa á mu, ẹ má so ó pinpin. Ẹ má jẹ́ kí ó rìn, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá. Oṣù Kejì àti Kẹta ni ooru mú jù. Oṣù Kejìlá ni mo yàn láàyò: àárọ̀ tutù, ọ̀nà gbẹ, koríko ti ń lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ń gbẹ ọ̀fun, òógùn sì ń gbẹ lára kí ẹ tó mọ̀ pé ẹ làágùn, ẹ óò wá rò pé ẹ kò nílò omi.

Ara ń lo bíi ọjọ́ 10 sí 14 kí ó tó mọ ooru lò. Bí eré yín bá máa kọjá aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, ẹ jẹ́ kí díẹ̀ nínú ìdánrawò ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn bọ́ sí àkókò oòrùn, ní ẹ̀sọ̀.

Ìgbésẹ̀ 9: Oúnjẹ àti omi

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, àmàlà láfún tàbí iyán dára, ṣùgbọ́n ẹ dín gbẹ̀gìrì àti ata kù. Ẹ̀wà á fẹ́ ikùn, òkè á sì gbọ̀n ọ́n. Ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú eré, ẹ jẹ ẹ̀kọ, iṣu sísè tàbí búrẹ́dì pẹ̀lú oyin. Ẹ yẹra fún òróró.

Lójú ọ̀nà, ara nílò gíráàmù 30 sí 60 oúnjẹ aláṣúgà ní wákàtí kan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan á fún yín ní bíi 25. Dàbínù márùn-ún tí ẹ ti yọ kóró rẹ̀ á fún yín ní bíi 30, ó rọrùn láti fi sápò, kì í sì í bàjẹ́ nínú ooru. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ní ìṣẹ́jú 40; ẹni tó bá dúró títí ó fi rẹ̀ ẹ́ ti pẹ́ jù.

Fún omi, ẹ ṣe é nílé: líta omi kan, ìyẹn píọ̀wọ́tà méjì tó jẹ́ sẹ̀ntílítà 50, ṣíbí ìmutíì 6 ṣúgà tí kò gun orí, àti ìdajì ṣíbí ìmutíì iyọ̀. Bí ó bá ju ìyẹn lọ, ó ti pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lo bíi ìdajì líta ní wákàtí kan, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú oòrùn. Ẹ mu bí òùngbẹ bá ṣe pè yín. Ẹ má fi ipá mu omi lásán ní àmujù, ó lè mú kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ dín kù jù, ẹni náà á wú, orí á fọ́ ọ, á sì máa sọ ìsọkúsọ. Ẹ má lo oògùn ìrora Ibuprofen kí ẹ tó sáré tàbí lẹ́nu eré. Òun àti òùngbẹ pa pọ̀ lè ṣe kíndìnrín léṣe.

Ìgbésẹ̀ 10: Ọjọ́ eré

Ẹ dé ní wákàtí kan ṣáájú. Ẹ pín eré náà sí mẹ́ta. Nínú ìdá kìíní, ẹ jẹ́ kí àwọn tó fẹ́ lọ máa lọ. Kí ó dà bí ẹni pé ẹ ń lọ́ra jù. Nínú ìdá kejì, ẹ máa jẹun, ẹ máa rìn lórí òkè, ẹ sì máa sọ̀ pẹ̀lú ìṣísẹ̀ kúkúrú. Ìdá kẹta ni kí ẹ tú ohun tó kù sílẹ̀. Ẹ óò kọjá àwọn kan níbẹ̀ tí itan wọn ti kọ̀ láti sọ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní omi.

Bí pajápajá bá mú yín, ẹ dúró, ẹ rọra na iṣan náà, ẹ mu omi iyọ̀ àti ṣúgà, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí òógùn bá dá lójijì, tí òtútù ń mú yín nínú oòrùn, tàbí tí ojú ń ṣú, eré ti parí fún ọjọ́ yẹn. Ẹ wá ibòòji, ẹ da omi sára, ẹ pe ẹnìkan. Bí ẹ bá pàdé màlúù lọ́nà tóóró, ẹ má sáré gba àárín wọn. Ẹ dúró, ẹ kí darandaran, ẹ jẹ́ kó ṣí ọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ 11: Lẹ́yìn eré

Ẹ má jókòó lójú ẹsẹ̀. Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ jẹun láàárín wákàtí kan sí méjì: ìrẹsì àti ẹyin, tàbí mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ. Itan á ro yín lọ́jọ́ kejì àti ìkẹta, ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ipá wọ́ ọ fún yín. Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ bá dúdú bí omi zobo, tàbí tí itan bá wú tó sì le, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí iṣan tó fọ́ púpọ̀ lè dí kíndìnrín.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ẹ lè rọra sá ìṣẹ́jú 20 lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ẹ fi ìsọ̀kalẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ 10.